Ta Ló Gbẹ́ Yàrà Sùngbọ́? Òótọ́ àti Irọ́

Bí ẹ bá wọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ kọrí sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tí ẹ sì dá ọ̀rọ̀ Ẹrẹ̀dò sílẹ̀, ìyẹn yàrà ńlá tí wọ́n fi orúkọ obìnrin kan, Bílíkísù Sùngbọ́, pè, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé gbogbo ará inú ọkọ̀ ló mọ ìtàn rẹ̀. Ohun tó kàn ṣòro níbẹ̀ ni pé ìtàn ará iwájú kò bá ti ará ẹ̀yìn mu. Ọ̀kan á ní ayaba Ṣébà ló gbẹ́ ẹ. Èkejì á ní àwọn àǹjọ̀nnú ni, òru ọjọ́ kan péré. Ẹ̀kẹta á ní omi ni wọ́n fẹ́ fà wọ̀lú kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kó ọjà dé ẹnu ọ̀nà ààfin. Awakọ̀ á gbẹ́nu lé e pé òyìnbó ló ṣàwárí ẹ̀ o, àwa ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mi ò bínú sí ẹnì kankan nínú wọn. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ yàrà náà ní ibi tó jìn jù, tó gbójú sókè, á rí ògiri ilẹ̀ pupa tó dúró ṣánṣán lápá ọ̀tún àti lápá òsì, á rí ewé igi tó pàdé lókè bí ẹni pa àgọ́. Láti orí òkìtì tó wà létí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kòtò, àwọn ibì kan wà tó tó mítà 20, ìyẹn ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Gbogbo rẹ̀ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún ohun tó lé ní kìlómítà 160: láti àríwá dé gúúsù tó nǹkan bí kìlómítà 40, láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn tó 35. Apá kan rẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, apá kan bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè kan ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ojú tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á wá ìtàn tó bá a tóbi dọ́gba. Ó nira kéèyàn dúró níbẹ̀ kó sọ pé àgbẹ̀ ló fi ọkọ́ gbẹ́ ẹ, kọ́kàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ̀rí ń sọ gan-an nìyẹn. Ohun tó sì ń dùn mí nínú gbogbo àròsọ yìí ni pé ìkọ̀ọ̀kan wọn ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é.

«Ayaba Ṣébà ni Bílíkísù Sùngbọ́. Òun ló lọ kí Sólómọ́nì, òun náà ni wọ́n sin sí Òkè-Ẹ̀rí.»

Èyí ló gbajúmọ̀ jù, òun náà ló sì yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Mùsùlùmí á tọ́ka sí Súrà kẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú Kùránì, Onígbàgbọ́ á ṣí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹwàá. Ojú oórì kan wà ní Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tí èrò ń wọ́ lọ, àti Mùsùlùmí, àti Onígbàgbọ́, àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà wọn. Ìtàn ni mò ń bá wí.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àwọn méjèèjì ò gbé ayé nígbà kan náà, ìgbà wọn ò tiẹ̀ sún mọ́ra. Bí àwọn onímọ̀ Bíbélì ṣe ń ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 950 ọdún ṣáájú ìbí Jésù ni Sólómọ́nì wà lórí ìtẹ́. Yàrà ńkọ́? Ní 2017, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan jẹ́ aṣáájú wọn gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fọkàn bá ọgbọ́n tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò lọ. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò, etí rẹ̀ ni wọ́n ń da erùpẹ̀ sí, erùpẹ̀ náà ló di òkìtì. Nítorí náà, ilẹ̀ tí òkìtì yẹn bò mọ́lẹ̀ ni ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí èédú bá wà lórí rẹ̀, a jẹ́ pé igi tó di èédú náà ti jóná kí erùpẹ̀ tó bò ó. Ẹ̀rọ á wọn iye kábọ́ọ̀nù-14 tó ṣẹ́kù nínú èédú, wọ́n á sì mọ ìgbà tí igi náà kú. Àbájáde tí wọ́n rí fi iṣẹ́ náà sí nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420.

Ẹ yọ ọ́ wò. Ohun tó wà láàárín Sólómọ́nì àti yàrà yìí lé ní 2,300 ọdún. Láti ọjọ́ Jésù di òní ò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, "Patrick Darling sọ pé ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ." Bẹ́ẹ̀ ni. Darling, onímọ̀ ará Bìrìtìkó tó fẹsẹ̀ rin igbó náà tó sì wọ̀n ọ́n, fi í sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká gbà fún un pátápátá. Ṣébà ṣì fi ohun tó lé ní 1,900 ọdún ṣáájú rẹ̀. Kò sí ìṣirò tí ẹ ṣe tó máa jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé.

Ẹ tún wo ẹrù tí ayaba náà gbé lọ. Bíbélì ní ràkúnmí ló fi kó tùràrí àti wúrà lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ràkúnmí wo ló fẹ́ gbé inú igbó Ìjẹ̀bú? Eṣinṣin tó ń fa àrùn sunrunsunrun á ti pa á kó tó pẹ́. Igi tùràrí kò hù ní Ìjẹ̀bú rí. Gúúsù ilẹ̀ Lárúbáwá àti etí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ló ti ń hù. Ní Yẹ́mẹ̀nì òde òní ni Màríbù wà, olú ìlú àwọn ará Sábà, tí ìkọ̀wé ara wọn ṣì wà lára òkúta níbẹ̀. Àwọn ará Etiópíà náà ń bá Yẹ́mẹ̀nì du obìnrin yìí, Mákẹ́dà ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n lè fi hàn. Àwa, orúkọ nìkan la mú dání.

Orúkọ náà gan-an tún wá kọ́. Kùránì sọ̀rọ̀ ayaba Sábà, kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn olùtúmọ̀ ló ń pè é ní Bìlìkísù lẹ́yìn náà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù rinlẹ̀. Nígbà tí àwọn alùfáà ń sọ̀tàn ayaba olówó kan fún àwọn èèyàn tó ti ní ìtàn obìnrin olówó tiwọn tẹ́lẹ̀, kò yà mí lẹ́nu pé orúkọ kan lẹ̀ mọ́ èkejì. Sùngbọ́ ló wà níbẹ̀. Bílíkísù jọ àlejò tó wá bá a jókòó.

Mi ò sọ pé Sùngbọ́ ò sí o. Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ni, kò bímọ, ó sì fẹ́ kí ohun kan wà tí aráyé á fi máa rántí òun. Èmi fẹ́ràn obìnrin yẹn ju ayaba Ṣébà lọ. Obìnrin olówó tó láṣẹ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yin tó mọ Tinúbú ní Ẹ̀gbá àti Ẹfúnṣetán ní Ìbàdàn ò nílò kí wọ́n tún máa là á yé yín. Tí a bá sọ Sùngbọ́ di ayaba ilẹ̀ òkèèrè, ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀bẹ̀ fún la gbà lọ́wọ́ rẹ̀: pé kí a rántí òun.

«Òru ọjọ́ kan ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Iṣẹ́ àǹjọ̀nnú ni, agbára ọmọ aráyé ò tó o.»

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé agbára ọmọ aráyé tó o dáadáa, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Darling fojú díwọ̀n erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde sí mítà kúbíìkì tó tó mílíọ̀nù 3.5. Nọ́ńbà yìí ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Ká ní ẹnì kan, pẹ̀lú ọkọ́ àti agbọ̀n, lè gbẹ́ mítà kúbíìkì kan lóòjọ́. Ká ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń ṣiṣẹ́, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ péré lọ́dún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ oko bá rọlẹ̀. Ọdún 35 ni wọ́n á fi parí. Tí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ọdún méje ni. Èrò tèmi lásán ni iye àwọn òṣìṣẹ́ yìí, àmọ́ ìṣirò náà fi hàn pé iṣẹ́ ìran kan ni, bó bá pẹ́ jù. Kò sí àǹjọ̀nnú kankan níbẹ̀.

Ilẹ̀ náà tún bá wọn ṣe é. Ilẹ̀ pupa Ìjẹ̀bú máa ń rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́, tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i tán ló ń le. Ìdí nìyẹn tí ògiri kòtò fi lè dúró ṣánṣán láìwó fún nǹkan bí 600 ọdún. Àwọn tó gbẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́. Ẹ̀dá tó bá ń lo idán ò ní nílò ìmọ̀ yẹn.

Kò ṣe àwa nìkan. Ní Cambridgeshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàrà àti òkìtì gígùn kan wà tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́, Devil's Dyke ni wọ́n ń pè é, torí àwọn ìran tó tẹ̀ lé e ò lè gbà pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe é, wọ́n fi í sí ọrùn Èṣù ti inú Bíbélì. Tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá lè gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ baba rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ni máa wá dá awakọ̀ Ẹ̀pẹ́ lẹ́jọ́?

Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà. Lónìí, ọmọ ilé ìwé ní Cambridgeshire mọ̀ pé àwọn baba ńlá òun ló gbẹ́ yàrà yẹn. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?

«Kànáàlì ni. Omi ló ń ṣàn nínú rẹ̀ nígbà kan, ọkọ̀ ojú omi ń gba ibẹ̀ kọjá.»

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ èyí fún mi kàwé dáadáa, ó sì jọ ohun tó lè rí bẹ́ẹ̀. Kòtò gígùn, ògiri lọ́tùn-ún lósì, ọ̀sà ò jìnnà: kí ló tún kù?

Òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló kù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé yàrà náà ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe rí ló ṣe ń lọ. Omi kì í gun òkè. Tí ẹ bá da odò sínú rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti kó jọ sí àfonífojì kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ yín á sì gúnlẹ̀ sórí amọ̀ gbígbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ipa omi á wá ibi tó tẹ́jú. Àwọn tó gbẹ́ Ẹrẹ̀dò ò wá a.

Ibi tí omi ti wọ ọ̀rọ̀ náà ṣì wà, ohun tí àwọn aṣèwádìí ṣàkíyèsí níbẹ̀ sì wú mi lórí púpọ̀. Yàrà náà ò jìn bákan náà níbi gbogbo. Ibì kan jìn bí kànga, ibòmíì kò ju mítà kan lọ. Ohun tó fà á, bí ó ti hàn, ni pé omi abẹ́ ilẹ̀ tàbí amọ̀ tútù ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wá dé. Tí ẹsẹ̀ wọn bá ti rì nínú ẹrẹ̀, wọ́n á dúró, torí ẹni tó bá fẹ́ fò kọjá ibẹ̀ á rì bákan náà. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti yá, iṣẹ́ á yá. Ibi tí omi bá jìnnà, wọ́n á máa gbẹ́ lọ. Àwọn ère kéékèèké onígóńgó tún wà tí wọ́n rí nísàlẹ̀ rẹ̀ láwọn ibì kan, ó sì jọ pé wọ́n ń ṣe ètùtù fún yàrà náà.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà omi ni Ìjẹ̀bú ń wá, wọ́n ti ní i láìgbẹ́ ohunkóhun. Ọ̀sà wà níwájú wọn. Ọjà Èjìnrìn wà létí rẹ̀, Ẹ̀pẹ́ wà létí rẹ̀, ọkọ̀ àjẹ̀ ń kó ẹrù láti ibẹ̀ lọ sí Èkó láti ìgbà pípẹ́. Ta ni máa ní odò lójúde tí yóò tún lo ọdún méje láti fọwọ́ gbẹ́ òmíràn sórí òkè?

«Ọbańta ló tẹ Ìjẹ̀bú-Òde dó. Igbó kìjikìji ló bá, kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀.»

Ère Ọbańta wà ní ìlú, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú, ìdílé ọba ń tọ ìran wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èèyàn ńlá ni. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí orúkọ náà fúnra rẹ̀. Ìtumọ̀ tí ìtàn fún un ni pé nígbà tó ń bọ̀, àwọn èèyàn ń ké sí ara wọn pé ọba wà ní ìta. Àwọn wo ló ń ké? Ẹni tó wà nínú ló lè sọ pé ẹnì kan wà níta. Bó bá jẹ́ pé igbó lásán ló bá, kò ní sí ẹni tó máa sọ ọ́ lórúkọ.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìtàn Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láàfin àti nílé àgbà, fi àwọn mìíràn ṣáájú Ọbańta. Olú-Ìwà ló kọ́kọ́ dé, òun ni wọ́n kà sí Awùjalẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ọba Ìjẹ̀bú. Àwọn tó bá a rìn ni Àjẹbú àti Olóde. Lẹ́yìn Olú-Ìwà ni Arísù, lẹ́yìn Arísù ni Ọbańta tí orúkọ rẹ̀ tún ń jẹ́ Ògbòrògan. Ohun tí wọ́n sọ nípa Àjẹbú àti Olóde ni pé àwọn ni Olú-Ìwà rán láti pín ilẹ̀, kí wọ́n sì là á, tí orúkọ àwọn méjèèjì sì pa pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Òde.

Èmi fara mọ́ ìdajì orúkọ yẹn, ìdajì yòókù ń kọ mí lóminú. Ẹ wo Òde-Oǹdó, ẹ wo Òde-Rẹ́mọ, ẹ wo Òde-Ìrèlè nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ní gbogbo apá ibẹ̀ yẹn, òde ni wọ́n ń pe olú ìlú, ibi tí ọba wà. Tí a bá fi ojú yẹn wò ó, Ìjẹ̀bú-Òde kò ju olú ìlú àwọn Ìjẹ̀bú lọ. Ó ṣeé ṣe kó ti jẹ́ orúkọ ìlú kí ẹnì kan tó wá orúkọ èèyàn fún un. Ẹni tí inú rẹ̀ ò bá dùn sí èyí kó má bínú. Àjẹbú àti Olóde ò ní kúrò nínú ìtàn nítorí gírámà. Ohun tó dá mi lójú ni pé kí adé tó dé, àwọn kan ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ro oko.

«Láti Wàdáì ni Ìjẹ̀bú ti ṣí wá, wọn kì í ṣe Yorùbá.» Tàbí: «Àwọn ará Jébúsì inú Bíbélì ni wọ́n.»

Ti Jébúsì ò gba àkókò. Ìró orúkọ méjì tó jọra ni, kò sí ẹ̀rí míì lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fi ìró orúkọ tẹ ìran dó, a ò ní mọ ibi tí a ó dúró sí.

Ti Wàdáì yẹ fún ọ̀wọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn àgbàlagbà pàtàkì ló ń sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ìdílé kan tàbí méjì ti òkè ọya wá. Ìlú ńlá kì í kọ àlejò. Àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìjọba Wàdáì tí ìtàn mọ̀, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Chad òde òní, ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ló dìde. Láàárín 1505 sí 1508 ni Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Pọtogí, ti kọ orúkọ Ìjẹ̀bú sínú ìwé rẹ̀, ìlú ńlá tí ọba ń jẹ lórí rẹ̀. Ìlú kì í ti ara ìjọba tí wọn ò tíì dá sílẹ̀ jáde.

Èdè náà tún ń jẹ́rìí. Ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú wà nínú ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Èdè Mábà tí wọ́n ń sọ ní Wàdáì kò bá Yorùbá tan níbì kankan. Bí odindi ìran bá ṣí kúrò níbẹ̀ wá síbí, ọ̀rọ̀ bíi méjì mẹ́ta á ti ṣẹ́ kù lẹ́nu wọn, nínú orúkọ oúnjẹ, tàbí nínú bí wọ́n ṣe ń kà á ní ení, èjì. Kò sí.

«Odi ogun ni. Kò sí ọ̀tá tó ré e kọjá rí.»

Ìdajì èyí jóòótọ́. Yàrà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ á dá ẹlẹ́ṣin dúró, á sì mú kí ẹni tó fẹ́ wá kónilẹ́rú ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì kejì ni kò dúró.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé odi ogun gidi ni, tí ọmọ ogun kan sì gbọ́dọ̀ dúró ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá lórí kìlómítà 160. Ọmọ ogun 16,000 nìyẹn, lọ́sàn-án àti lóru. Ìjọba wo ló lè bọ́ wọn nígbà náà? Ó jọ pé ààlà ni wọ́n fi ṣe ju bí wọ́n ṣe fi ṣe odi lọ: ẹ ti wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú o, ẹnu ibodè ni kí ẹ gbà, ẹ san owó ibodè kí ẹ tó kọjá. Ẹni tó bá mọ bí Ìjẹ̀bú ṣe di ọ̀nà òwò mú láàárín etí ọ̀sà àti ìgbèríko títí di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún á mọ̀ pé ìwà yẹn àti yàrà yẹn bá ara wọn mu.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò náà ló sì fa ogun. Ní oṣù Èbìbí 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ìbọn Maxim, wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ọjọ́ kejì wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn Ìjẹ̀bú jà bí ọkùnrin, ọ̀pọ̀ wọn ló kú. Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀tá ò ré yàrà kọjá rí ń gbàgbé àwọn òkú yẹn.

«Òyìnbó ló ṣàwárí Ẹrẹ̀dò ní 1999. Àjọ UNESCO sì ti gbà á wọlé.»

Ní 1999, ìròyìn Darling tàn káyé, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn òkèèrè sì sáré mú ti ayaba Ṣébà tí wọ́n fi yàrà sílẹ̀. Iṣẹ́ Darling tóbi, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé Peter Lloyd ti kọ àpilẹ̀kọ nípa Ẹrẹ̀dò Sùngbọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959, ogójì ọdún ṣáájú. Pereira tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé yàrà ńlá kan yí ìlú náà ká, ó tiẹ̀ gbìyànjú láti kọ oyè Awùjalẹ̀, Agusale ló gbọ́. Àti Lloyd àti Darling ló bá orúkọ níbẹ̀. Ohun tó ti lórúkọ, tí àgbẹ̀ ń gba etí rẹ̀ lọ sóko lójoojúmọ́, ẹnì kankan ò tún ṣàwárí rẹ̀ mọ́.

Ti UNESCO rọrùn láti yẹ̀ wò. Ìwé orúkọ àwọn tó ń dúró de ìyẹ̀wò ni Ẹrẹ̀dò wà, láti 1995. Ibi méjì péré ni Nàìjíríà ní tí àjọ náà ti fọwọ́ sí: Sukur ní Adámáwá ní 1999, àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní 2005. Ẹrẹ̀dò ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá rò pé àjọ àgbáyé ti ń ṣọ́ ọ kò ní ṣọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ yìí nìkan ló ń pa yàrà náà lára nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀, torí bí a ṣe ń sọ pé ó ti wà lábẹ́ ààbò, oko ń jẹ ẹ́, ilé ń hù sí etí rẹ̀, àwọn tó ń wa ilẹ̀ pupa fún ọ̀nà àti fún ilé sì rí òkìtì tí wọ́n ti kó jọ sílẹ̀ dè wọ́n láti 600 ọdún.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín kan Ẹrẹ̀dò, ní apá Ògùn tàbí ní apá Èkó, mo bẹ̀ yín. Tí oníkatapílà bá wá bá yín pé òun fẹ́ ra erùpẹ̀ orí òkìtì yẹn, ẹ sọ fún un pé kó lọ wá ibòmíì. Tí ó bá taku, ẹ ké sí ọba ìlú yín, kí ẹ sì kọ̀wé sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró nísàlẹ̀, kí wọ́n gbójú sókè. Tí ọmọ kan bá bi yín pé ta ló gbẹ́ ẹ, ẹ sọ fún un pé àwọn èèyàn tó ń sọ èdè rẹ̀ ni, ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, obìnrin kan tí ń jẹ́ Sùngbọ́ sì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é.